Bí ilẹ̀ ṣe gbé èbúté Gíríìsì kúrò nínú òkun: ẹ fi amọ̀ hàn án fún àwọn ọmọ

Ní July 21, ọdún 365, ilẹ̀ mì ní Kírétè, erékùṣù kan ní Gíríìsì, èbúté Phalasarna sì di ilẹ̀ gbígbẹ. Òkun kò fà sẹ́yìn. Ilẹ̀ ló gbéra: nǹkan bíi mítà 6.5 níbẹ̀, ó tó 9 ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn erékùṣù náà. Abẹ́ Kírétè ni ilẹ̀ Áfíríkà tiwa yìí gan-an ń rá wọ̀, ibẹ̀ ni agbára náà ti wá. Àwọn tí ilẹ̀ mì lẹ́sẹ̀ ní Mpape, ní Àbújá, ní September 2018 mọ mímì. Gbígbéra ni ó yẹ kí ọmọ fojú rí.

Ẹ ra táìlì ilẹ̀ kan ní Dei-Dei, 40 sẹ̀ǹtímítà lóròó àti níbùú, kí wọ́n gé e sí méjì. Ìlàjì kan ni ìpìlẹ̀. Ẹ fọ́ ìkejì fún ìtì, ìyẹn àfọ́kù tí ẹ ó tò léra láti fi ti ìpìlẹ̀ náà sókè. Ẹ wá amọ̀ kílò 6 lọ́wọ́ àwọn amọ̀kòkò Kwali, báàfù ìwẹ̀ ọmọdé, rúlà àti igi ìtayín 9. Sẹ̀ǹtímítà 1 dúró fún mítà 2.

Ẹ̀yìn táìlì tó rí ṣákiṣàki ni kí ẹ kọ sókè. Lórí ojú tó ń dán, amọ̀ yóò yọ̀ bọ́. Ẹ mọ ògiri amọ̀ lé e: gígùn sẹ̀ǹtímítà 40, fífẹ̀ 8, gíga 9. Ẹ pe orí kan ní ìlà-oòrùn, ẹ wọn 29 láti ibẹ̀, kí ẹ gbẹ́ èbúté síbẹ̀: 6 ní gígùn, 4 ní fífẹ̀, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi 4.5 ga ju táìlì lọ. Ẹ la ojú omi tóóró sí i láti ẹ̀gbẹ́ òkun. Ní Phalasarna náà, inú àpáta ni wọ́n gbẹ́ ọ̀nà omi gbà wọ èbúté.

Ẹ jẹ́ kó le títí àtàǹpàkò kò fi ní tẹ̀ ẹ́ wọlé mọ́. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi àpò tútù bò ó. Amọ̀ tó bá gbẹ pátápátá máa ń fọ́ sínú omi, nítorí omi ń ya wọ inú rẹ̀, ó sì ń lé afẹ́fẹ́ jáde.

Ẹ gbé e sínú báàfù, ẹ bu omi títí yóò fi ga tó 6 lórí táìlì, kí ẹ fi ìlà sí ara báàfù. Ẹ gún igi ìtayín sára ògiri ní ojú omi gan-an, ní sẹ̀ǹtímítà 5-5, láti orí kan dé orí kejì. Wọ́n dúró fún àwọn ẹ̀dá òkun tí í lẹ̀ mọ́ àpáta létí omi, tí àmì wọn ṣì wà lókè lára àpáta Kírétè.

Kọ́kọ́ bu omi kúrò títí yóò fi sọ̀ kalẹ̀ ní 3. Ẹ wọn igi kọ̀ọ̀kan: gbogbo wọn jìnnà sí omi bákan náà. Bí òkun bá fà nìyẹn. Ẹ dá omi padà.

Kí ẹnì kan wá gbé orí ìwọ̀-oòrùn sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹnì kejì ti ìtì táìlì tó ga tó 4.5 sábẹ́ rẹ̀. Omi yóò lọ sílẹ̀ díẹ̀ nítorí amọ̀ tó jáde. Ẹ fi kún un dé ìlà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n yín yóò ṣì. Ìsàlẹ̀ èbúté ti gbẹ. Ẹ tún wọn àwọn igi: nǹkan bíi 4.5 ní ìwọ̀-oòrùn, 3.3 lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté, òdo ní ìlà-oòrùn. Ìlà tó dagun báyìí, kì í ṣe iṣẹ́ òkun. Ilẹ̀ ló gbéra.

Kẹ́ńkíríà, èbúté Kọ́ríńtì tí Pọ́ọ̀lù ti fá orí rẹ̀, rì ní tirẹ̀. Fún ìyẹn, ìtì ni kí ẹ kọ́kọ́ tì sábẹ́, kí ẹ wá rọra yọ ọ́.