Bí a ṣe ń ṣe ẹ̀rọ tó ń gbé àmì tín-ín-rín sókè nínú òtútù

Àmì tó ń jáde lára kọ̀ǹpútà kuọ́ńtọ́mù kéré débi pé tí a bá gbé ẹ̀rọ ọjà lásán tì í, ariwo ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò bò ó mọ́lẹ̀. Alumíníọ̀mù la fi ń ṣe èyí tó lè gbé e sókè, nítorí tó bá ti tutù kọjá 1.2 kelvin (òṣùwọ̀n tí òdo rẹ̀ jẹ́ ibi tí òtútù kò lè kọjá), iná á máa gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdènà kankan. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí la ti ń ya àwòrán tiwa. Òkè òkun, níbi tí yàrá aláìléruku wà, ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé àmì tí a fẹ́ gbé sókè ń gbọ̀n ní 6 GHz, ìyẹn bílíọ̀nù mẹ́fà ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi ìsopọ̀ Josephson méjì (alumíníọ̀mù méjì tí awọ ìpẹtà tín-ín-rín wà láàárín wọn) ṣe òrùka, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbé 1 µA. Òrùka yẹn á fún yín ní ìndọ́kítánsì (bó ṣe ń lọ́ra láti jẹ́ kí iná yí padà) nǹkan bí 0.165 nH, ẹ fi kapasítọ̀ (ohun tó ń tọ́jú iná díẹ̀) 4.3 pF tì í, àwọn méjèèjì á jọ máa gbọ̀n ní 6 GHz, ó parí. KLayout, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, ni kí ẹ fi yà á: ọ̀fẹ́ ni, kò sì wúwo fún kọ̀ǹpútà àlòkù. Ẹ ya ìsopọ̀ àyẹ̀wò mẹ́wàá, irú kan náà tí a ó máa wọ̀n dípò ti òrùka, sí etí rẹ̀. Bí kò bá sí ìyẹn, ẹ má tíì fi àwòrán ránṣẹ́.

Lọ́hùn-ún, wọ́n á da oru alumíníọ̀mù sórí silikọni láti ìhà kan, wọ́n á fún un ní ọ́síjìn díẹ̀ kó lè yọ awọ ìpẹtà, wọ́n á sì da òmíràn lé e láti ìhà kejì. Wọ́n mọ iṣẹ́ wọn.

Ìgbà tó bá padà dé ọwọ́ wa ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Awọ ìpẹtà yẹn kò nípọn ju 1 sí 2 nm lọ. Folti kan péré lè fà á ya. Nígbà ọyẹ́, tí aṣọ bá ń ta pàrà lára yín, ó ti tó bí 3,000 folti kí awọ ara tó mọ̀ ọ́n. Mo ti rí ọmọ iṣẹ́ tó fi ìka kan ṣoṣo pa iṣẹ́ oṣù mẹ́ta, kò sì mọ̀ pé òun ti pa á.

Nítorí náà, ẹ bọ́ aṣọ ọ̀rá (náílọ́ọ̀nù) sílẹ̀, ẹ wọ òwú. Ẹ so ọrùn ọwọ́ yín mọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú resistor (ohun tó ń dín iná kù) 1 MΩ. Ẹ da omi sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá kí afẹ́fẹ́ má baà gbẹ jù. Èmi kì í wọ̀n ohunkóhun lọ́sàn-án ọyẹ́, òwúrọ̀ kùtù ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mítà tẹ̀ ẹ́ ní ààyè tí a fi ń wọn ohm (ìdènà iná). Folti tó ń tì jáde ti pọ̀ jù. Bátìrì 1.5 folti kan àti resistor 1 MΩ mìíràn tó, ọjà Ouando ni mo ti ń rà wọ́n. Ẹ kọ́kọ́ fi wáyà so ẹsẹ̀ méjèèjì ìsopọ̀ náà pọ̀, ẹ gbé bátìrì wọlé, kí ẹ tó wá yọ wáyà náà. Ẹ̀yìn náà ni kí ẹ wo folti. Ìsopọ̀ àyẹ̀wò tó dáa á sún mọ́ 280 ohm, ìyẹn nǹkan bí 0.4 mV. Tó bá jẹ́ ohm díẹ̀ péré, ó ti ya. Tó bá ga ju 280 lọ, ẹ̀rọ yín á wà nísàlẹ̀ 6 GHz.

Èyí tó bá yege la ń fi ránṣẹ́ sí ibi tí fíríìjì 20 mK (ogún nínú ẹgbẹ̀rún kelvin kan) wà. Àmì iná 12 GHz, ìlọ́po méjì 6 GHz, ni wọ́n fi ń tì í. Kí wọ́n gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, tí agbára àmì bá ti di ìlọ́po 100, ìyẹn 20 dB, kí wọ́n dúró síbẹ̀.