Ọjọ́ tó kẹ́yìn n'Íjẹ̀bú: ẹ sọ̀kalẹ̀ sínú Erédò kẹ́ẹ tó wakọ̀ padà s'Ékòó

Tó bá jẹ́ Iléyá lẹ bá wá, tẹ́ẹ ti ṣe Ojúde Ọba tán, tó wá ku ọjọ́ kan péré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọjọ́ yẹn sùn. Ẹ lọ wo Erédò, kòtò ńlá àti ògiri ilẹ̀ tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí wọ́n bí sí Ìjẹ̀bú-Òde gan-an ò dé'nú ẹ̀ rí, inú mọ́tò la ti máa ń nawọ́ sí i pé òun rèé, mọ́tò á sì ti kọjá, èyí sì máa ń dùn mí.

Aago mẹ́fà àárọ̀ kẹ́ẹ ti gbéra. Bàtà tó di ẹsẹ̀ mú tó sì ní eyín nísàlẹ̀ ni kẹ́ẹ wọ̀, sílípáàsì ò lè gbé yín débì kankan níbẹ̀, torí ilẹ̀ pupa yẹn, tó bá ti mu omi òjò, àfi bíi pé wọ́n da epo sí i. Tó bá rọ̀ gan-an lóru, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ míì. Ṣòkòtò gígùn, ìbọ̀sẹ̀, ọ̀pá kan lọ́wọ́ torí ejò, omi lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èmi máa ń di gààrí àti ẹ̀pà sínú báàgì, kò wúwo, ó sì ń gbé'ni ró.

Ẹ kọ́kọ́ yà l'Ókè-Ẹ̀rí, níbi tí wọ́n ní sàréè Bílíkísù Sùngbọ́ wà. Ẹ kí àwọn àgbà ibẹ̀ dáadáa, ẹ bèèrè ohun tó jẹ́ èèwọ̀ kẹ́ẹ tó wọlé, kẹ́ẹ sì tó ya fọ́tò. Ìtàn wọn ni pé olówó obìnrin tí kò bímọ ni, òun ló ní kí wọ́n gbẹ́ Erédò kí orúkọ òun má bàa parun. Àwọn kan ní òun ni ayaba Ṣébà, àmọ́ ọjọ́ orí iṣẹ́ náà ò bá ti ayaba yẹn mu rárá, ayaba Ṣébà ti pẹ́ jù ú lọ fíìfíì. Lójú tèmi, kò dẹ̀ nílò ká yá ayaba lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí iṣẹ́ yìí tó tóbi.

Ẹ wá ọmọ àdúgbò kan tí yóò mú yín wọ inú Erédò, kẹ́ẹ sì ti sọ owó ẹ̀ kẹ́ẹ tó gbéra. Mo dá lọ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀nà dàrú mọ́ mi lójú, ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú kí n tó rí ọ̀nà jáde, mi ò tún dán an wò mọ́.

Tẹ́ẹ bá ti wà nísàlẹ̀, ẹ dúró ná kẹ́ẹ wòkè. Ògiri ilẹ̀ pupa lápá ọ̀tún, òmíràn lápá òsì, ewédò ti bò wọ́n, igi ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì ti parapọ̀ lórí yín, ara á kàn tutù nini. Ṣẹ́ẹ rí bó ṣe ga tó yẹn, bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ kòtò náà ni wọ́n ń kó iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀ jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, òkìtì yẹn ló wá jókòó sórí jíjìn kòtò, tó fi jẹ́ pé láwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ dé ṣóńṣó orí ẹ̀ tó 20 mítà. Ọwọ́ èèyàn ni o, kò sí katapílà nígbà yẹn. Ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ju 160 kìlómítà lọ, nítorí náà ẹ má rò pé ẹ máa rìn ín tán. Ẹ rin wákàtí kan, kẹ́ẹ yíjú padà, bó ti wù kó dùn mọ́ yín tó. Ẹ má gun ògiri, ó lè ya lé yín lórí. Ẹ má sì fi ọ̀bẹ kọ orúkọ sí i, ẹ kó ọ̀rá píọ́ wọ́tà yín jáde, mo bẹ̀ yín.

Ẹ wẹsẹ̀, ẹ pààrọ̀ bàtà, kẹ́ẹ gba títì Ìjẹ̀bú-Òde sí Ẹ̀pẹ́. Ọ̀nà yẹn dáa, igbó tútù lọ́tùn-ún lósì, ẹ rọra wà á, ẹ sì má dúró sórí títì torí fọ́tò. Tẹ́ẹ bá dé Ẹ̀pẹ́, ẹ yà s'ọ́jà Olúwo fún ẹja tútù, kí kúlà àti áìsì ti wà nínú búùtù látilé, kẹ́ẹ sì ti kúrò níbẹ̀ nígbà tó bá fi máa di aago méjì ọ̀sán, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ajah má bàa ká ẹja mọ́ yín lọ́wọ́.