Bí A Ṣe Ń Bẹ̀rẹ̀ Ẹ̀kọ́ Amọ̀ àti Ère Gbígbẹ́ ní Kétu

Ẹ fi amọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó mú àáké, nítorí pé amọ̀ ṣeé tún mọ, ṣùgbọ́n igi tí a bá ti gé kì í padà sí ipò rẹ̀. Ẹ ṣa òkúta kúrò nínú amọ̀, kí ẹ fi iyanrìn díẹ̀ sí i, kí ẹ sì pò ó títí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò fi jáde. Tí ẹ bá ti fi mọ ìkòkò, abẹ́ ibòji ni kí ẹ ti sá a. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kánjú níbí, nítorí omi tí ó bá kù nínú rẹ̀ yóò di ooru nínú iná, yóò sì fọ́ ìkòkò náà. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ wo ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àṣà tí UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, bu ọlá fún ní 2001, kí ẹ yà á láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́ kí ẹ tó fi àáké kan igi.