Bí a ṣe ń so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣàn nínú ilé

Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọmọ àbúrò mi lórúkọ ní London, àwa mẹ́sàn-án la kó ara wa jọ sí pálọ̀ màmá mi ní Ìbàdàn, tí a rọ̀gbà yí láptọ́ọ̀pù kan ká. Ojú láptọ́ọ̀pù náà ò ju ínǹṣì 14 lọ. Ẹni tó wà níwájú ń rí i, ẹni tó wà lẹ́yìn ń na ọrùn. Màmá tẹ̀ síwájú títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú ẹ̀rọ, wọ́n ní, "Èwo ni ọmọ níbẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ tẹlifíṣàn ínǹṣì 43 wà lára ògiri lẹ́yìn wa, ó dúdú kirimú. Wáyà tí a nílò gan-an sì wà lára rẹ̀: òun ni wọ́n fi so dẹkódà mọ́ ọn. Mo yọ orí kan lára dẹkódà, mo ki orí náà bọ láptọ́ọ̀pù, kí ìṣẹ́jú márùn-ún sì tó pé, ojú ọmọ ti gba gbogbo tẹlifíṣàn.

Ọ̀pọ̀ ilé ló ní gbogbo ohun tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́, wọn ò kàn mọ̀ pé àwọn ní in ni. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ihò wò

Ẹ yí láptọ́ọ̀pù yín sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ wo àwọn ihò ara rẹ̀. Èyí tí à ń wá ni HDMI. Ó fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò, òkè rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, igun rẹ̀ méjèèjì nísàlẹ̀ sì gé wọnú. Irú ihò kan náà wà lẹ́yìn tẹlifíṣàn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó sábà máa ń jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, tí wọ́n kọ HDMI 1, HDMI 2 sí. Bí ẹ̀rọ méjèèjì bá ní in, wáyà HDMI kan ṣoṣo ti tó. Láti ọdún 2002 tí wọ́n ti gbé HDMI jáde, àwòrán àti ohùn ló ń gbé pọ̀.

Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ lè má ní ju VGA lọ, ìyẹn ihò tó sábà máa ń jẹ́ aláwọ̀ búlúù, tó ní ojú kéékèèké 15, pẹ̀lú ibi tí a ń de skúrù sí lọ́tùn-ún lósì. Ilé iṣẹ́ IBM ló gbé e jáde ní 1987, ó sì ti sìn wá gan-an. Bí tẹlifíṣàn yín bá ní VGA tirẹ̀, tí wọ́n máa ń kọ PC sí nígbà mìíràn, wáyà VGA á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í gbé ohùn. Ẹ ó tún fa wáyà tín-ín-rín kan láti ihò íápíìsì láptọ́ọ̀pù lọ sí ihò ohùn tẹlifíṣàn.

Bó bá jẹ́ HDMI nìkan ni tẹlifíṣàn ní, ẹ ṣọ́ra fún wáyà tí orí kan rẹ̀ jẹ́ VGA, tí orí kejì jẹ́ HDMI, tí kò sí nǹkan kan láàárín. VGA ń fi àwòrán ránṣẹ́ bí iná tó ń lọ sókè sódò, HDMI ń fi í ránṣẹ́ ní nọ́ńbà. Wáyà lásán kò lè ṣe ògbufọ̀ láàárín wọn. Ohun tí ẹ ó bèèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà ni VGA to HDMI converter, èyí tó ní orí USB tí yóò fi máa gba iná, tó sì ní wáyà ohùn. Ẹ rí i dájú pé láti VGA lọ sí HDMI ló ń lọ. Èyí tó ń ti HDMI lọ sí VGA kò ní bá yín ṣe é.

Láptọ́ọ̀pù tuntun mìíràn, USB-C nìkan ló máa ń ní, ihò pẹlẹbẹ kékeré tí igun rẹ̀ rí roboto. Kì í ṣe gbogbo USB-C ló ń gbé àwòrán jáde o. Ẹ wò ó bóyá àmì DP tàbí àmì mànàmáná tó ní orí ọfà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ wo ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá kí ẹ tó náwó lé ohun tí yóò yí i sí HDMI.

Ẹ pa iná kí ẹ tó ki wáyà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ níbí, torí pé ó ti ná mi ní ihò kan.

Ọ̀pọ̀ ilé wa ni kò ní wáyà tó ń kó iná sílẹ̀, èyí tí àwọn oníná ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Ibi tí ẹ́ẹ̀tì bá sì wà, a máa ń fi ṣáájà tàbí ẹkisítẹ́ńṣọ̀n ẹlẹ́sẹ̀ méjì pa á lẹ́nu mọ́. Nínú ṣáájà láptọ́ọ̀pù àti nínú tẹlifíṣàn, ohun kan wà tó ń sẹ́ ìdọ̀tí iná, tó máa ń jẹ́ kí iná kékeré kan jò. Bí iná yẹn ò bá ríbi gbà wọlẹ̀, ara irin ẹ̀rọ náà ni yóò máa gbé. Bí ẹ bá ti fọwọ́ ra ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù onírin rí nígbà tó wà lórí iná, tó ń ṣe yín bí ìgbà tí èèrà ń rìn lára, òun náà nìyẹn. (Bó bá gbá yín lọ́wọ́ gidi, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti èèrà nìyẹn, ẹ pe oníná.)

Irin inú HDMI jẹ́ 19, wọ́n sì tín-ín-rín gan-an. Bí a bá ki wáyà bọ ihò nígbà tí ẹ̀rọ méjèèjì wà lórí iná, iná tó ń jò yẹn lè gba ibẹ̀ kọjá, kó sì jó ihò náà. Bí HDMI 1 tẹlifíṣàn tèmi ṣe kú nìyẹn. Jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀, mo ń kánjú, mo rí iná tó ta pàrà bí orí abẹ́rẹ́. Láti ọjọ́ náà, ihò yẹn ò gbé àwòrán mọ́.

Torí náà, ẹ pa tẹlifíṣàn níbi ṣọ́kẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe pẹ̀lú rímóòtù nìkan. Bó bá jẹ́ wáyà dẹkódà lẹ fẹ́ lò, ẹ pa dẹkódà náà. Ẹ yọ ṣáájà láptọ́ọ̀pù, kí bátìrì gbé e. Ẹ wá ki HDMI sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ tì í títí tí yóò fi wọlé tán, nítorí èyí tó wọ ààbọ̀ máa ń mú kí àwòrán ṣẹ́jú. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó tan iná, kí ẹ̀rọ méjèèjì sì jọ gba iná lára ẹkisítẹ́ńṣọ̀n ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan náà.

Ẹ sọ fún tẹlifíṣàn, ẹ sọ fún kọ̀ǹpútà

Ẹ tẹ Source tàbí Input lórí rímóòtù, kí ẹ yan nọ́ńbà ihò tí ẹ ki wáyà sí. Bí ẹ bá yan HDMI 2 nígbà tí wáyà wà ní HDMI 1, "No signal" lẹ ó máa wò títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Lórí Windows, ẹ di bọ́tìnì tó ní àwòrán fèrèsé mú, kí ẹ sì tẹ P. Nǹkan mẹ́rin ni yóò jáde. PC screen only, láptọ́ọ̀pù nìkan. Duplicate, ohun kan náà lójú méjèèjì. Èyí ni mo máa ń yàn bí ènìyàn bá pọ̀ nílé. Extend, tẹlifíṣàn á di àfikún ààyè, ẹ lè fa fíìmù sọ́hùn-ún, kí ẹ máa ṣiṣẹ́ yín lọ níhìn-ín. Second screen only, tẹlifíṣàn nìkan. Lórí Mac, inú System Settings, lábẹ́ Displays, lẹ ó ti ṣètò rẹ̀.

Bí àwòrán bá jáde tí ohùn ṣì ń ti inú láptọ́ọ̀pù wá, ẹ tẹ àmì agbóhùnsókè ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, kí ẹ yan orúkọ tẹlifíṣàn. Bó bá jẹ́ Zoom lẹ fi ń pe ìpè olójú-kojú, ẹ tún lọ yan án nínú Zoom fúnra rẹ̀. Ẹ rántí pé etí àti ojú ìpè náà ṣì wà lára láptọ́ọ̀pù: òun ló ń gbọ́ yín, òun ló sì ń yà yín. Ìdí nìyẹn tí a fi gbé tiwa ka àpótí kékeré kan lábẹ́ tẹlifíṣàn, kó dojú kọ àwọn ènìyàn. Nígbà tí a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, ará London rò pé Màmá ò fẹ́ wo àwọn lójú.

Bí etí àwòrán bá gé, tí ìlà ìsàlẹ̀ Windows ò hàn tán, tẹlifíṣàn ló ń fẹ àwòrán kọjá ibi tó yẹ. Àṣà tó kù láti ìgbà tẹlifíṣàn oníkùn ńlá ni. Ẹ wá Picture Size: lórí LG, ẹ yan Just Scan, lórí Samsung, Screen Fit tàbí Fit to Screen. Bí ọ̀rọ̀ bá kéré jù láti òkèèrè, inú Settings láptọ́ọ̀pù, lábẹ́ Display, ẹ gbé Scale lọ sí 150% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí tẹlifíṣàn yín jẹ́ 4K, ìyẹn èyí tí àwòrán rẹ̀ mọ́ ju ti tẹlẹ̀ lọ, bí ẹ bá rí i pé ọfà máósì ń rìn bí ẹni tó rẹ̀, ó lè jẹ́ irú HDMI àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní 1.4 ni láptọ́ọ̀pù ń lò (èyí yàtọ̀ sí nọ́ńbà ihò). Kì í gbé àwòrán 4K kọjá 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lábẹ́ Display kan náà, ẹ sọ Display resolution kalẹ̀ sí 1920 × 1080, á dán mọ́rán, á sì yára.

Bí wáyà ò bá sí rárá, ẹ tẹ Windows àti K. Tẹlifíṣàn tó bá ní Miracast, ìyẹn ọ̀nà tó fi ń gba àwòrán láìsí wáyà, yóò yọjú, kò sì ní jẹ dátà yín, nítorí ẹ̀rọ méjèèjì ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà. Ó dára fún fọ́tò àti fíìmù. Fún ìpè, wáyà ni mo fara mọ́, nítorí ohùn àti ẹnu kì í bára mu dáadáa bí kò bá sí wáyà.

Tí ẹ bá parí, ẹ padà sí PC screen only, ẹ pa iná, kí ẹ tó yọ wáyà. Kí ẹ sì dá orí tí ẹ yọ padà sínú dẹkódà, kí ẹni tó fẹ́ wo ìròyìn aago mẹ́sàn-án lè rí i wò.