Bí a ṣe ń mú ajá tàbí ológbò kọjá ẹnubodè wọ Yúróòpù

Ẹ má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kí dókítà ẹranko kọ́kọ́ fi máíkíróṣíìpù onídíjíìtì 15 (ẹ̀rọ bíńtín tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹran) sábẹ́ awọ ẹran náà, kó tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣáájú, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò ní kà á sí, torí kò sí ẹ̀rí pé ẹran yìí gan-an ni wọ́n fún. Ẹ ó tún un gbà ni.

Ẹran gbọ́dọ̀ tó ọ̀sẹ̀ 12 kó tó gbabẹ́rẹ́, kí ọjọ́ 21 sì kọjá kó tó wọ Yúróòpù. Bí ibi tí ẹ ti ń bọ̀ kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tí Yúróòpù yọ̀ǹda fún, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tún wà níbẹ̀: ó kéré tán, ọjọ́ 30 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, kí èsì tó 0.5 IU/ml (ìwọ̀n agbára tí ẹ̀jẹ̀ ní láti kojú dìgbòlugi), kí oṣù 3 sì pé láti ọjọ́ tí wọ́n fà á. Ibí yìí lètò ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dojú rú. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, ó kéré tán oṣù 6 ṣáájú.

Ajá tó ń lọ sí Ireland tàbí Finland gbọ́dọ̀ lo oògùn aràn láàárín wákàtí 24 sí 120 kó tó wọlé. Ológbò kò nílò èyí.

Ní ti àgò tí ẹran máa fi rìnrìn àjò: kí ẹran lè dìde láìforí kan òkè, kó yí po, kó sì nà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa sùn nínú rẹ̀ nílé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un lóògùn oorun. Ó lè dá mímí rẹ̀ dúró nínú òfuurufú, pàápàá àwọn onímú pẹlẹbẹ.

Kí nọ́ńbà máíkíróṣíìpù dọ́gba lórí gbogbo ìwé. Díjíìtì kan péré tó bá yàtọ̀ lè dá ẹran padà.