Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá vanadium nitride ń ṣe ammonia lóòótọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi iná mànàmáná sọ nitrogen di ammonia, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì yọ̀ tẹ́ ẹ bá rí ammonia nínú omi yín, torí vanadium nitride yẹn, ìyẹn èròjà tẹ́ ẹ fi ń mú kí iṣẹ́ náà yá, fúnra ẹ̀ ní nitrogen lára, ó sì lè máa jẹra díẹ̀díẹ̀ kó máa tú u sílẹ̀, ẹ ẹ́ wá rò pé gáàsì tẹ́ ẹ fẹ́ sí i ló di ammonia.

Ẹ kọ́kọ́ fi argon, gáàsì tí kò ní nitrogen nínú, rọ́pò gáàsì nitrogen, kí iná, omi àti wákàtí má yí padà rárá. Tí ammonia bá ṣì ń jáde, ara nitride ló ti ń wá, tàbí ìdọ̀tí, kódà èémí wa ní ammonia nínú.

Ẹ wá ra gáàsì nitrogen-15, ìyẹn nitrogen tó wúwo díẹ̀ ju nitrogen-14 tó wọ́pọ̀, tó wà lára nitride yín, lọ. Ó wọ́n gan-an o, àmọ́ òun ni ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ kó gba inú ásíìdì kọjá ná, torí ammonia lè wà nínú sílíńdà tí wọ́n ń tà. Lórí ẹ̀rọ NMR, tó ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì dá èròjà mọ̀, ammonium (ohun tí ammonia máa ń dà nínú ásíìdì) ti nitrogen-15 máa ń yọ ṣóńṣó méjì lórí àwòrán tó bá yà, ti nitrogen-14 máa ń yọ mẹ́ta. Tó bá jẹ́ mẹ́ta nìkan lẹ rí, nitride yín ló ń jẹra, tàbí kó jẹ́ ìdọ̀tí.

Ẹ tún jẹ́ kó ṣiṣẹ́ pẹ́, tí ammonia ò bá pọ̀ sí i mọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nitrogen ara nitride ló tán yẹn.