Ọ̀wọ́n gógó rọlẹ̀, gàrí ò rọlẹ̀: àwọn àṣìṣe tí à ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ ọrọ̀ ajé

Lóṣù Kejì ọdún 2025, NBS, àjọ tó ń bá ìjọba àpapọ̀ ṣe ìṣirò, kéde pé ọ̀wọ́n gógó, tó jẹ́ ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kejìlá 2024, ti di 24.48 ní oṣù Kìíní. Ìyá tí mo ń ra gàrí lọ́wọ́ wọn l'Ọ́jà Ọba, Òṣogbo, bú sẹ́rìn-ín: "Tíṣà, ọjà wo làwọn yẹn ń ná?"

Ẹ má ṣì í gbọ́ bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀wọ́n gógó kì í sọ iye tí wọ́n ń ta ọjà. Bí ọjà ṣe ń yára gbówó lérí ló ń sọ. Ká ní kóńgò gàrí jẹ́ 1,000 náírà lọ́dún kan, tó di 1,300 lọ́dún kejì: ìdá 30 nìyẹn. Bó bá tún di 1,430 lọ́dún kẹta, ìdá 10 péré ni, wọ́n á ní ó ti rọlẹ̀. Síbẹ̀ ẹ ti fi 130 náírà lé e. Ọ̀kadà tó dẹwọ́ eré ní oríta Ọláìyá kò tíì yíjú padà.

Àṣìṣe kan tún fara pẹ́ ẹ, àwa tíṣà gan-an ń ṣe é: ká gbé 34.80 àti 24.48 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ká yọ ọ̀kan nínú èkejì. Láàárín ìkéde méjèèjì, NBS ti pààrọ̀ ọdún tí wọ́n fi ń ṣe òdiwọ̀n láti 2009 sí 2024, ìwọ̀n tí wọ́n fún oúnjẹ, ilé àti ọkọ̀ wíwọ̀ nínú ìṣirò náà sì yí padà. Ta ló máa fi kóńgò àtijọ́ wọn gàrí lánàá, kó fi tuntun wọ̀n ọ́n lónìí, kó wá ní gàrí ti dín? Ọlọ́jà ló yẹ kó kọ́kọ́ fura.

Ẹ má sì ní kí ìjọba kàn tẹ owó sí i. Bí owó bá pọ̀ tí gàrí ò pọ̀, gàrí náà la óò jọ máa fi owó lé lórí.

Kí wọ́n fi òfin dá iye ọjà ńkọ́? Ẹni tó ti gbọ́njú ní 1984 á rántí "ẹ̀sẹ́ńkò", ìyẹn àwọn ọjà kòṣeémánìí tí ìjọba dá iye lé, bí wọ́n ṣe ń tò nítorí mílíìkì àti ṣúgà. Bí iye tí ìjọba dá bá kéré sí iye tí ọlọ́jà fi rà á, abẹ́ káńtà lọjà ń gbà lọ, ẹni tó mọ èèyàn ló ń rí i rà.

Ẹ má sì kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Gómìnà Ọ̀ṣun kò lè mú kí náírà lágbára. Báńkì Àpapọ̀ ní Àbújá ló ń rí sí i. Ṣùgbọ́n ìwé òfin 1999 fi ọjà, gáréèjì àti ilé ìpẹran sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Gọ́tà tó dí nínú ọjà, káńsù lẹ máa bá sọ ọ́; ọ̀rọ̀ náírà, Àbújá ni. Ìyá onígàrí ní gọ́tà làwọn máa kọ́kọ́ mú ná.